Mọ́tò Tó Ń Mí Afẹ́ẹ̀rí

Gbàù! Gbàù!

"Ẹ dojú bolẹ̀! Gbogbo yín! Ẹni tó bá gbórí sókè, ọ̀run ló ti máa ròyìn ohun tó rí!"

Èrò mẹ́tàlélógójì já bọ́ látinú bọ́ọ̀sì ńlá, wọ́n nà gbalaja sórí títì ọlọ́dà tó ti Benin wá sí Ore. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi títì sì ń wọ àwọn èèyàn létí.

Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè àwọn wo ló dá wọn lọ́nà. Píjò 504 dúdú kan ló dúró gbágbáágbá níwájú bọ́ọ̀sì, imú rẹ̀ kọjú sí Ore, ìdí rẹ̀ ń rú èéfín. Mọ́tò Afẹ́ẹ̀rí! Orúkọ tí àwọn awakọ̀ fún un nìyẹn, nítorí pé kò sí ọlọ́pàá tó tíì rí ju èéfín ìdí rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ni ín ń rìn láàárín àwọn èrò bí ẹni ń yẹ kòkó tí a sá wò. Samson lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwátì lorúkọ tó sọ ara rẹ̀.

"Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin èèyàn mi," ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú. Èmi wá bá yín tú tiyín ni."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì ń da àpò èèyàn sínú ọ̀rá. Wọn ò tíì débi ìdajì nígbà tí ariwo kan ti apá Benin wá.

Pẹẹ-pòò! Pẹẹ-pòò!

"Láńdírófà Adéyẹyè!"

Sájẹ́ǹtì Adéyẹyè ni ọlọ́pàá tí wọ́n fi ṣọ́ ọ̀nà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lé Samson, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jẹ eruku.

"Elisha! Tẹ̀ ẹ́!"

Elisha, awakọ̀ wọn, kì í ṣe ẹni à ń sọ̀rọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Gbrùùùm! Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ pátápátá.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!

Mọ́tò náà ń dún bí agolo mílíìkì tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ó ń mì, ó ń jó lójú kan. Kò fà. Elisha tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀! Láńdírófà ń bọ̀!

Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà. Ó ku díẹ̀!

Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín àwọn tó dojú bolẹ̀. Fọlárìn lorúkọ rẹ̀. Ó ti ka ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ọdún méjì ní yunifásítì kí àwọn ológun tó ti ilé ìwé pa. Ìgbà tí àtijẹun le, ó padà wá sí Ore, ó ń tún mọ́tò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ̀. Kò sí páàtì mọ́ lọ́jà nígbà náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá gásíkẹ́ẹ̀tì Píjò méjì péré ní Benin, awẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ orí ẹ́ńjìnì, àwọn náà ló wà nínú àpò tó fi ṣe ìrọ̀rí sórí títì.

Fọlárìn ní àìsàn kan. Bí èèyàn bá pa àlọ́ fún un, oúnjẹ kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ títí yóò fi já a. Bó bá sì ti já a, kò lè ṣe é kó má sọ ọ́ síta. Ìyá rẹ̀ máa ń wí pé, "Fọlárìn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu rẹ yóò gbé ọ dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ò mọ̀."

Ó gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ yẹn. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó mọ̀, ó ti là á lẹ́nu:

"Iná rẹ̀ ló ń yá jù."

Samson yíjú padà.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" ni Samson bi wọ́n.

Obìnrin tó sùn tì í fi ìgbáròkó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́! Bàtà Samson gun Fọlárìn lọ́rùn.

"Tún un wí."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mo ní... iná rẹ̀ ló ń yá jù. Ó ń tàn kí pisítìn tó gòkè tán. Bí wọ́n bá rọra tẹ̀ ẹ́, tí wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fà."

Elisha rọra tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò fà! Ó fò síwájú bí ẹtu tó já okùn!

"Ha!" Samson pariwo. "Dókítà! Ẹ jù ú sí búùtù!"

Gbàm! Òkùnkùn bo Fọlárìn, òun àti àpò rẹ̀. Ó gbọ́ tí Láńdírófà ń jìnnà sẹ́yìn, pẹẹ-pòò rẹ̀ ń kéré bí ohùn ẹ̀fọn. Ó di ahọ́n rẹ̀ mú láàárín eyín méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ọlọ́ṣà sílẹ̀ yẹn!

*

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí ibi tó wà. Oko kòkó kan ni, lẹ́yìn Agbabu, níbi tí ilẹ̀ ti ń sun ọ̀dà dúdú tí gbogbo èèyàn ń sọ pé yóò sọ wọ́n dolówó, tí kò sì tíì sọ ẹnì kankan dolówó. Irà wà lọ́tùn-ún, igbó kìjikìji wà lósì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọlé. Lójú ọ̀nà náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Samson jókòó, ó gbé ìbọn lé itan.

Ibi tí wọ́n ti ń yí kòkó gbẹ ni wọ́n wa mọ́tò sí. Samson ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Dókítà, wo aláìsàn rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Lọ́jọ́bọ̀ mo níṣẹ́ ní títì. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀."

"Ṣé mẹkáníìkì kankan ti wò ó rí, ọ̀gá?"

"Ọ̀kan wò ó. Ó ní ó ti nọ́kì."

"Ibo ni mẹkáníìkì ọ̀hún wà báyìí?"

Samson wo Elisha. Elisha wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Òun náà ti nọ́kì."

Nọ́kì! Ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ore, ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ òkú ni. Bí wọ́n bá ti ní ẹ́ńjìnì nọ́kì, irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn tán, ó ń lu inú ara rẹ̀ gbì, gbì, gbì bí ọmọ odó. Kí olówó rẹ̀ lọ wá òmíràn rà ni.

Ó ní kí Elisha tan án. Ó ki sípánà gígùn kan mọ́ ara ẹ́ńjìnì, ó gbé etí lé ìdí sípánà, ó dijú.

Kò gbọ́ gbì. Ohùn tínrín ló gbọ́, bí ẹyọ owó tó ń já lu àwo.

"Kò tíì kú, ọ̀gá," ó ní. "Ibà ló ń ṣe é."

"Kí ló fún un níbà?"

"Ohun tó ń jẹ ni. Inú ẹ́ńjìnì yìí, epo àti afẹ́fẹ́ ló ń pàdé, iná á bọ́ sí wọn, wọ́n á gbiná, wọ́n á ti pisítìn, irin tó ń lọ sókè sódò níbẹ̀, sísàlẹ̀. Àmọ́ iná yìí ń tàn nígbà tí pisítìn ṣì ń gòkè bọ̀. Àwọn méjèèjì wá ń forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà. Ariwo orí wọn lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

Samson fi ìdí ìbọn nu imú. "Elisha, o gbọ́ yunifásítì? Ìwọ tí o ń pe ara rẹ ní awakọ̀!"

Bí Fọlárìn ṣe wọ inú mọ́tò lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rù ń bà á. Àmọ́ àlọ́ ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un.

Ó rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnì yìí ṣe kò fi ṣeré. Kabúrétọ̀ méjì, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ló wà lórí rẹ̀ dípò ẹyọ kan. Wọ́n ti fá orí ẹ́ńjìnì tín-ín-rín, kí ó lè máa fún epo mọ́ra gan-an. Wọ́n sì ti yí dísítíríbútọ̀ tó ń pín iná síwájú, kí iná tètè máa tàn. Bí wọ́n bá fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní epo tó dára, yóò fò. Àmọ́ epo dídára dà lọ́dún yẹn? Ó bu epo inú táǹkì sí ọwọ́, ó fi pa ìka. Epo bẹtiróò máa ń gbẹ kí èèyàn tó ka mẹ́wàá. Èyí kò gbẹ. Ó ń yọ̀ bí àdí.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Nínú dúrọ́ọ̀mù, lọ́dọ̀ ìyá kan ní ìdí páàkì," ni Elisha dáhùn.

"Kẹrosíìnì ló bù lù ú."

Elisha la ẹnu. "Obìnrin yẹn! Olè ni!"

Samson rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà, Elisha lọ fa epo tó mọ́ jáde látinú mọ́tò olówó kan. Fọlárìn yọ orí ẹ́ńjìnì, ó to gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjèèjì léra, kí ìfúnmọ́ra inú rẹ̀ lè dínkù. Ó yí dísítíríbútọ̀ padà sẹ́yìn, bí ìbú èékánná. Wọ́n tan án. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ bí ológbò tó yó.

Nígbà tó di ọ̀sán, tí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ohùn yẹn tún dé. Kẹ̀-kẹ̀.

"Dókítà," Samson ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ọjọ́ kan ti lọ o."

*

Obìnrin kan wà nínú oko náà. Límátù. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ìlú òkè wá, wọ́n ń dáko fún onílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sílé lọ sìnkú nígbà tí àwọn ọlọ́ṣà dé. Láti ìgbà náà, òun ló ń se oúnjẹ fún wọn lábẹ́ ìbọn. Òun náà há bí Fọlárìn ṣe há.

Láàárọ̀ ọjọ́rú ó gbé ẹ̀kọ wá fún un. Fọlárìn ti rí i pé omi ń kán níbi họ́ọ̀sì kan lára ẹ́ńjìnì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí òkìtì ọ̀dà Agbabu lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù díẹ̀ níbẹ̀, kí n fi dí ojú omi yìí."

Límátù bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà.

"Ọ̀dà yìí? Ọmọ, ìwé tó o kà kò dé Agbabu. Láàárọ̀, òkúta ni. Lọ́sàn-án, oyin ni. Ọkọ mi fi dí òrùlé ilé ìdáná. Oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ló pa á, ó kán pọ́tọ́ sínú ọbẹ̀ mi. A jẹ ẹ́ o! Ebi ń pa wá."

Fọlárìn náà rẹ́rìn-ín. Ó rí rọ́bà kan, ó fi dí họ́ọ̀sì. Kò tún ronú kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́.

Ó ń wá ohun tó ń mú mọ́tò gbóná. Ó tẹ̀ ba, ó wo iwájú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Nígbà náà ló rí i.

Àdó kan ni, ó tó orí ọmọ titun. Wọ́n fi awọ dì í, wọ́n sì fi ọ̀dà Agbabu bò ó yíká kìtìkìtì kí omi má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n so ó mọ́ ojú rédíétọ̀ gan-an, ó dí ìdajì rẹ̀. Atẹ́gùn kò rí ọ̀nà kọjá. Ṣé ẹ́ńjìnì kò wá ní gbóná?

"Ọ̀gá, mo ti rí i! Ohun dúdú yìí ló ń pa mọ́tò yín."

Kọ̀! Ìdí ìbọn ló dáhùn. Fọlárìn ṣubú lulẹ̀.

"Afẹ́ẹ̀rí mi lò ń pè ní ohun dúdú?" Samson ń mí bí akọ màlúù. "Kí lo rò pé ó ń pa wá mọ́ kúrò lójú Adéyẹyè? Kabúrétọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Kí ẹ kàn gbé e kúrò lójú ibẹ̀ ni. Mọ́tò náà ń mí bí èèyàn ṣe ń mí."

Samson dúró. "Mọ́tò ń mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ó ń fa afẹ́fẹ́ símú."

"Imú rẹ̀ dà?"

Fọlárìn na ọwọ́ sí agolo gbàǹgbà tó wà lórí kabúrétọ̀ méjèèjì, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnì.

Ojú Samson tàn. Ó yípo mọ́tò lẹ́ẹ̀kan. Ó yípo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó lu Elisha léjìká.

"Àṣé ìdí nìyí! Ọdún kan tí afẹ́ẹ̀rí yìí ti wà níwájú, kò mú wa wọlẹ̀ rí. Eré la kàn ń fi sá mọ́ wọn lọ́wọ́! Nítorí pé àyà la gbé e kọ́, a ò jẹ́ kí mọ́tò mí i! Dókítà, ṣí imú ẹ̀. Gbé e síbẹ̀. Mọ́tò mi á mí afẹ́ẹ̀rí, gbogbo wa á sì di àwátì!"

Fọlárìn la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ó rántí. Láàárọ̀, òkúta. Lọ́sàn-án, oyin.

Inú agolo yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín, ibi tó gbóná jù lọ nínú gbogbo mọ́tò. Ihò ọ̀nà ọ̀fun kabúrétọ̀ méjèèjì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tààrà, wọ́n ń fà, wọ́n ń fà.

Àlọ́ ti já. Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ń jó bí ata. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Fọlárìn pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó ti yé mi, ọ̀gá," ló kàn sọ.

*

Ìdájí ọjọ́bọ̀, wọ́n dán an wò lójú ọ̀nà oko. Otútù wà. Ọ̀dà inú agolo le bí òkúta. Atẹ́gùn sì ti ń kọjá lójú rédíétọ̀ fàlàlà. Fáàààà! Kò dún kẹ̀. Kò dún kọ̀. Elisha sọ̀ kalẹ̀, ó dì mọ́ Fọlárìn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Yunifásítì! Àwọn ológun yìí ò ṣe dáadáa tí wọ́n fi ti ilé ìwé pa!"

Samson kó wọn jọ yí mọ́tò ká.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó ṣe é fún mi sọ èèwọ̀ rẹ̀. Òkùnkùn ló máa kọ́kọ́ bò yín, ó ní. Bí òkùnkùn bá ti bò yín, ayé ò rí yín mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ti tú u. Ẹni tó bá yìnbọn ti tú u. Ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn ti tú u. Kí ẹ jókòó bí ère títí ọ̀tá á fi kọjá. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, Àwátì!"

"Ọ̀sán gangan la ó jáde. Ìgbà yẹn làwọn ọlọ́pàá máa ń lọ jẹun ní Ore." Ó yíjú. "Dókítà, wọlé."

Fọlárìn sún sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Ọ̀gá, iṣẹ́ mi ti parí. Mo rò pé ẹ ó..."

"Iwájú ni wàá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elisha. Èmi á wà lẹ́yìn rẹ." Ó fi ẹnu ìbọn họ Fọlárìn ní ìpàkọ́ bí ẹni ń họ ajá. "Bí mọ́tò bá nọ́kì, ìwọ náà á nọ́kì."

Pańpẹ́ tó dẹ fún ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá ń tì sínú rẹ̀! Bí ọ̀dà ò bá yọ́, yóò di ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà títí ayé. Bó bá yọ́, ìbọn Samson. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ìbọn Samson, ọlọ́pàá. Òfin ọdún náà kò sì ní ìtàn púpọ̀: ẹni tí wọ́n bá bá nínú mọ́tò ọlọ́ṣà, wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á yìnbọn fún un níwájú àwọn tó wá wòran.

Ó wọlé. Kò sí ibòmíràn tó lè wọ̀.

*

Gbàù! Gbàù! Gbàù!

Bọ́ọ̀sì kan dúró gìrìrì lójú títì, kò ju máìlì márùn-ún sí Ore. Samson àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì sọ̀ kalẹ̀. Elisha kò pa ẹ́ńjìnì. Oòrùn wà ní àtàrí gan-an. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Ooru ń jó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí omi.

Fọlárìn ń fa afẹ́fẹ́ símú, ó ń wá òórùn ọ̀dà. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ṣé Límátù purọ́ ni?

Pẹẹ-pòò! Pẹẹ-pòò!

"Adéyẹyè! Kò lọ jẹun!"

Wọ́n já wọlé. Gbàm! Gbàm! Fáàààààà!

Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí, mọ́tò yẹn sáré! Kò sí kẹ̀, kò sí kọ̀. Igi ń sá sẹ́yìn, Láńdírófà ń kéré nínú dígí. Fún ìṣẹ́jú kan, orí Fọlárìn wú. Iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí! Ìbú èékánná péré! Lẹ́yìn náà ó rántí ibi tó wà, ó sì ń gbàdúrà kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bà jẹ́.

Tá-tá-tá-tá! Ìbọn ọlọ́pàá. Dígí ẹ̀yìn fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Elisha!"

Elisha tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gun òkè kan lọ. Ẹ́ńjìnì ń ké, kabúrétọ̀ méjèèjì la ẹnu gbàgà, wọ́n ń mí, wọ́n ń mí...

Òórùn kan dé. Òórùn títì tuntun.

Húkù!

Mọ́tò wúkọ́.

"Kí nìyẹn?" Samson bèèrè.

Húkù! Húkù! Gbúùùùùù!

Èéfín tú láti ìdí mọ́tò, dúdú bí ìkòkò. Ó tú láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Atẹ́gùn gbé e padà, ó da gbogbo rẹ̀ bo dígí iwájú, ó da á sí wọn lórí láti dígí ẹ̀yìn tó fọ́. Ẹ́ńjìnì kú. Mọ́tò yí lọ díẹ̀, ó dúró sáàárín títì.

Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Kẹ́ṣẹ́! Samson na ìbọn rẹ̀ síwájú. Irin tútù kan Fọlárìn lẹ́yìn etí.

"O ti pa á! Dókítà, o ti..."

"Òkùnkùn, ọ̀gá!" Fọlárìn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Òkùnkùn ti bò wá! Ó ti mí i! Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ má tú u!"

Ẹnu ìbọn dúró síbẹ̀.

Ó dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó kúrò. Fọlárìn gbọ́ tí Samson mí kanlẹ̀, bí ẹni tí àlá rẹ̀ ṣẹ.

Àwọn márààrún jókòó bí ère. Láńdírófà dúró. Bàtà ń sáré lórí títì, kókó-kókó-kókó, ó yí wọn ká. Kò sẹ́ni tó mira. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Samson fẹ́ húkọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún ara rẹ̀ lọ́rùn.

Èéfín ń lọ. Oòrùn ń padà.

Sájẹ́ǹtì Adéyẹyè dúró lẹ́bàá fèrèsé, ìbọn lọ́wọ́. Bàbá tó ti hewú, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ bọ́. Ó wo àwọn ọlọ́ṣà. Àwọn ọlọ́ṣà ń wo ọ̀ọ́kán, wọn ò ṣẹ́jú. Samson tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Sájẹ́ǹtì ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn níwájú imú Samson. Ẹ̀rín Samson fẹ̀ sí i.

Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ wọlé, ó rọra gba ìbọn lórí itan rẹ̀, bí ẹni ń gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ti sùn.

"Ọ̀gá," Elisha sọ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, "ó jọ pé ó ń rí wa o."

"Elisha!" Samson fò sókè, ó forí gbá òrùlé mọ́tò. "Elisha, o ti tú u! O ti bà wá jẹ́!"

Ìgbà tí wọ́n fi ń di wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn, ìjà Samson kì í ṣe pẹ̀lú ọlọ́pàá rárá. Elisha ni ó ń wá ọ̀nà láti gé jẹ.

*

Wọ́n di Fọlárìn náà.

"Èmi kọ́, sà! Wọ́n jí mi gbé ni!"

Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Gbogbo yín ni wọ́n máa ń jí gbé."

"Dókítà wa ni!" Samson pariwo. "Òun ló tún mọ́tò ṣe! Bí a bá máa kú, gbogbo wa ni!"

Fọlárìn dijú. Ó rí igi náà, ó rí okùn, ó rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn tó wá wòran.

Sájẹ́ǹtì Adéyẹyè ń wò ó. Ó yọ ìwé kan tí ó ti rún lápò àyà.

"Lọ́jọ́ Ajé, èèyàn méjìlélógójì ló kọ ẹ̀rí sílẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ní àwọn ọlọ́ṣà gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ nígbà tó dojú bolẹ̀. Àwọn mìíràn ń sunkún, àwọn mìíràn ń ṣépè fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn kọ." Ó ká ìwé náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kí lo sọ?"

Fọlárìn là á lẹ́nu:

"Iná rẹ̀ ló ń yá jù, sà."

Sájẹ́ǹtì wo ìwé. Ó wo Fọlárìn. Ó fi ọ̀bẹ gé okùn ọwọ́ rẹ̀.

"Wọlé sí iwájú. Wàá júwe ọ̀nà oko yẹn fún wa."

"Obìnrin kan wà níbẹ̀, sà. Límátù. Ẹ jọ̀ọ́, òun la ó kọ́kọ́ lọ gbé."

"Òun la ó kọ́kọ́ gbé."

Wọ́n kó Samson àti àwọn tirẹ̀ sẹ́yìn Láńdírófà, wọ́n jókòó lé ara wọn. Sájẹ́ǹtì tan mọ́tò, ó tẹ̀ ẹ́ lọ sókè.

Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀!

Láńdírófà ń mì bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Fọlárìn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo igbó. Ó wo sánmà. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Sájẹ́ǹtì bi í. "Ó jọ pé o fẹ́ sọ nǹkan."

"Rárá o, sà," Fọlárìn dáhùn. "Mi ò rí nǹkan kan sọ."